Oṣù méje pẹ̀lú aláàmù tó ń tún etí ara ẹ̀ ṣe

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nípa aláàmù olè tí mo yọ kúrò lára ògiri kí n tó ra èyí, torí ẹni tí ò bá mọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní mọ ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí lórí ẹ̀rọ kékeré kan. Ọdún méjì àtààbọ̀ ni mo fi lò ó. Ó máa ń ké tó ìgbà mẹ́wàá, ìgbà míì méjìlá lóṣù kan, òru ló sì máa ń pọ̀ jù, kò sígbà kan tá a jáde tá a bá ẹnikẹ́ni. Tí kì í bá ṣe ológbò, á jẹ́ kọ́tìnì tí atẹ́gùn ń fẹ́, tàbí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó gba ojú fèrèsé wọlé tó lọ bá sẹ́ńsọ̀ pálọ̀ lójú. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé la máa ń fò dìde. Nígbà tó yá, ó ku èmi nìkan. Nígbà tó tún yá, mi ò dìde mọ́, màá kàn na ọwọ́ sí fóònù nínú òkùnkùn, màá pa á, màá padà sùn, àwọn ará ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ti kọtí ikún sí i tipẹ́. Lóru ọjọ́ kan wá ni ẹnì kan fo fẹ́ǹsì wọlé lóòótọ́, ó já ilẹ̀kùn gáréèjì, ó kó kẹ̀kẹ́ méjì àti gbogbo irinṣẹ́ tó bá níbẹ̀ lọ. Aláàmù yẹn ké o. Ó ké dáadáa. Èmi ni mo pa á tí mo sùn.

Torí ẹ̀ ni mi ò fi lè gbà fún ẹni tó bá sọ pé ariwo òfegè ò pa èèyàn lára, pé ó sàn kó ké ju kó dákẹ́ lọ. Aláàmù tó ń ké lásán, ṣe ló ń kọ́ àwọn tó yẹ kó dá a lóhùn bí wọ́n ṣe máa gbójú kúrò lára ẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé tèmi nìkan. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé nínú 100 ìgbà tí aláàmù olè bá mú kí ọlọ́pàá jáde, 94 sí 98 ló máa ń jẹ́ òfegè. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ẹni tó ti sáré lọ lásán ní àìmọye ìgbà, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ á tún yá lọ́jọ́ tó bá jẹ́ òótọ́? Ìlú Salt Lake City níbẹ̀ tiẹ̀ sọ lọ́dún 2000 pé ọlọ́pàá àwọn ò ní máa jáde mọ́ torí pé aláàmù ké, àfi tí ẹnì kan bá ti dé ibẹ̀ tàbí tó ti fi kámẹ́rà wò ó tó rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ìgbà tí wọ́n sì ń jáde torí aláàmù já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Èyí tí mo wá ń lò báyìí, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí irú ẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà, ohun tí mo bá sì sọ níbí, ẹ lè fi yẹ èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà wò. Pánẹ́ẹ̀lì kan tó ń darí gbogbo ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ìrìn mẹ́rin, sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn àti fèrèsé mẹ́fà, kámẹ́rà méjì níta, sáírénì kan. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ ni pé ó ń tún ara ẹ̀ ṣe: á wo bí ilé yín ṣe rí, á sì máa yí bí etí ẹ̀ ṣe mú tó padà fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan gun àkàbà lọ máa yí bọ́tìnì kiri.

Kí n tó sọ bóyá òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń rí gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í rí èèyàn. Ooru ló ń rí. Ara wa máa ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared jáde, ojú ò lè rí i, sẹ́ńsọ̀ PIR, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ ìrìn tó ń wo ooru, máa ń wò ó níbi tí ìgbì ẹ̀ ti gùn tó nǹkan bíi 8 sí 14 micrometre (micrometre kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà). Rọ́bà funfun tẹ́ ẹ máa ń rí lójú ẹ̀ yẹn, lẹ́ńsì ni, lẹ́ńsì Fresnel, òun ló ń pín yàrá sí abala abala. Inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ni nǹkan méjì tó ń gbọ́ ooru wà, wọ́n so wọ́n pọ̀ lódìlódì, tó fi jẹ́ pé tí gbogbo yàrá bá gbóná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti èkíní á pa ti èkejì rẹ́, kò ní ké. Àmọ́ tí nǹkan gbígbóná bá ń rìn láti abala kan bọ́ sí èkejì, ọ̀kan á kọ́kọ́ gbọ́ kí èkejì tó gbọ́, ibẹ̀ lá ti mọ̀ pé nǹkan ń rìn. Òun náà ló fà á tí atẹ́gùn gbígbóná tó ń gbé kọ́tìnì fi lè dà bí èèyàn lójú ẹ̀, tí kòkòrò kékeré tó ń rìn lórí lẹ́ńsì náà sì lè dà bí ẹni tó ń gba iwájú ẹ̀ kọjá.

Ohun míì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tí yàrá bá gbóná tó 35 digírí, ara èèyàn àti ògiri á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójú sẹ́ńsọ̀ yẹn, etí ẹ̀ á di. Tí òtútù bá wá mú, nǹkan kékeré á hàn sí i bí iná. Èyí tí wọ́n bá fi bọ́tìnì yí síbì kan tí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kò sí bó ṣe máa dáa ní ọ̀sán gbígbóná kó tún dáa ní òru tútù. Ti tèmi tuntun yìí ní tẹmómítà kékeré nínú, tí yàrá bá ti ń gbóná sún mọ́ ooru ara, á jẹ́ kí etí ẹ̀ mú sí i, tó bá tutù á dín in kù. Èyí kì í ṣe àrà tuntun rárá, àwọn sẹ́ńsọ̀ tó dáa ti ń ṣe é tipẹ́, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín bóyá ó wà nínú ẹ̀, torí èyí tí mo yọ dànù yẹn ò ní in.

Ó tún ní èkejì nínú, rédà kékeré kan. Ìgbì 24 GHz ni tèmi ń fi ránṣẹ́, àwọn míì ń lo 10.525 GHz, tí ìgbì yẹn bá lu nǹkan tó ń rìn tó sì padà, ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀ sí bó ṣe lọ. Òun náà ní ìṣòro tiẹ̀, ó máa ń gba inú gíláàsì àti pátákó fẹ́lẹ́ kọjá, ó lè rí fáànù tó ń yí, ó lè rí omi tó ń ṣàn nínú páìpù rọ́bà. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí: oòrùn tó ń tan sẹ́ńsọ̀ ooru jẹ ò lè tan rédà jẹ, omi inú páìpù tó ń tan rédà jẹ ò ní ooru tí èkejì máa rí. Àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì tó máa gbà. Mo ka èyí sí pàtàkì gan-an, torí kò sí ìdán kankan nínú kí èèyàn kàn dín etí sẹ́ńsọ̀ kù, ariwo òfegè á dínkù lóòótọ́ àmọ́ olè náà á lè rìn kọjá. Ohun tó lè dín tibí kù láìba tọ̀hún jẹ́ ni kí ẹ̀rọ ní ẹ̀rí tó ju ọ̀kan lọ.

Ó dáa, ti pé ó ń tún ara ẹ̀ ṣe ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló fi kọ́ ilé wa. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kọ bí ibi tó wà ṣe máa ń ní wúruwùru tó, ìyẹn àwọn ìyípadà kéékèèké tí kì í ṣe ti olè, wákàtí sí wákàtí, ó wá fa ìlà kan tí nǹkan gbọ́dọ̀ kọjá kí aláàmù tó lè ké, ó sì fi ìlà náà ga ju wúruwùru yẹn lọ ní ìwọ̀n kan. Tí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, ìlà á wálẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn máa ń gbé ohùn sókè láàárín èrò tó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí ọmọ ti ń sùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Àwọn oníṣẹ́ rédà ti ń ṣe irú ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, CFAR ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wo àyíká ibi tí nǹkan wà, wọ́n á mú ìwọ̀n àyíká yẹn, òun ni wọ́n á fi pinnu iye tí nǹkan gbọ́dọ̀ fi ta yọ kí wọ́n tó kà á sí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti tèmi ni pé sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tún tiẹ̀ ṣe. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, etí ẹ̀ mú gan-an. Ti pálọ̀ tí fèrèsé ńlá wà ń gbé ìlà ẹ̀ sókè láago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń wọlé, á sì dá a padà tó bá ti ṣú. Nígbà tí mo rí èyí nínú áàpù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó.

Mo kọ gbogbo ìgbà tó ké sínú ìwé. Oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀kan. Láti ìgbà yẹn títí di òní, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ tí mo sì tan aláàmù. Èyí yẹn mi ò lè bá sẹ́ńsọ̀ wí.

Àṣìṣe èèyàn gan-an ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo òfegè, ẹni tó ṣi kóòdù tẹ̀, ẹni tó padà wọlé mú fóònù lẹ́yìn tó ti tan aláàmù, àlejò tí wọn ò sọ fún. Nílé wa, Màmá ni. Ẹsẹ̀ wọn ń dùn wọ́n, wọn kì í lè yára dé ibi pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá wọlé. Ìlànà kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe torí ariwo òfegè gan-an, ANSI/SIA CP-01 ni wọ́n ń pè é, ó ní àkókò tí wọ́n máa fún ẹni tó ń wọlé ò gbọ́dọ̀ dín sí 30 ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó ń jáde sì máa ní 60 tí kò bá sẹ́ni tó yí i padà, pé tó bá sì ti ké tán, kí pánẹ́ẹ̀lì dúró díẹ̀ kó tó ránṣẹ́ síta bóyá onílé á pa á. Ti tèmi ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohun tó wú mi lórí ni pé lẹ́yìn oṣù kan, ó fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi pé ẹni tó ń lo kóòdù kejì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù lójoojúmọ́, ṣé kí òun sọ ọ́ di 45? Kò yí i fúnra ẹ̀, ó bi mí. Màmá ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, wọ́n kàn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀rọ yìí ò lé mi mọ́ o."

Kámẹ́rà náà ń kọ́ nǹkan. Igi kan wà níwájú ilé tí ẹ̀ka ẹ̀ máa ń mì, àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tó jẹ́ pé tí àwòrán bá ti yí padà díẹ̀ báyìí wọ́n á ké, igi yẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọ̀nà tí wọ́n fi yanjú irú èyí ti wà látọdún 1999 tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Stauffer àti Grimson, kọ̀wé lórí ẹ̀: kí kámẹ́rà má ka ojú kan nínú àwòrán sí àwọ̀ kan ṣoṣo, kó gbà pé ibẹ̀ lè jẹ́ ewé nígbà kan, kó jẹ́ ojú ọ̀run nígbà míì, pé méjèèjì ni ti ibẹ̀. Tí nǹkan tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì bá wá yọ, ìgbà yẹn ló máa kà á sí. Igi yẹn ò dà á láàmú mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Aláǹtakùn ló ṣì ń dà á láàmú. Kòkòrò máa ń wà níbi iná infrared tó wà lára kámẹ́rà lóru, aláǹtakùn á wá ta okùn sí iwájú lẹ́ńsì torí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà, òun fúnra ẹ̀ á sì tóbi bí èèyàn nínú àwòrán. Kò sí sọ́fítíwíà tó kápá èyí tán. Aṣọ ni mo fi ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ti gbé iná infrared kan sí ọ̀tọ̀, jìnnà sí kámẹ́rà, mo pa ti ara ẹ̀. Ó ti dáa.

Ológbò náà, ẹ jẹ́ n sọ tiẹ̀ kíákíá. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní kò ní ké fún ẹranko ilé, ìsàlẹ̀ yàrá ni kì í fi bẹ́ẹ̀ wò. Tí ológbò bá fò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti bọ́ sí ibi tó ń wò nìyẹn. Mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò níwájú ẹ̀.

Ibi tó bí mi nínú rèé. Ní oṣù karùn-ún, mo ní kí n dán gbogbo ẹ̀ wò, mo tan aláàmù sí ìdánwò, mo wá ń rìn wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Pálọ̀, ó rí mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí mi lójú ẹsẹ̀. Mo wọ ìdáná, kò sọ nǹkan kan. Mo rìn dé àárín, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn kejì kó tó tan iná pupa. Àyà mi já. Mo pe ọmọkùnrin tó bá wa so ó mọ́ ògiri. Ó wá, ó ṣí áàpù tiẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni. Ẹ wo ihò atẹ́gùn tó wà lókè yẹn, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí aṣọ tẹ́ ẹ fi bo fèrèsé yìí, rédà náà sì ń rí aṣọ tó ń mì, ló bá ń gbé ìlà ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀." Mo ní, "Àbúrò, ṣé kò yẹ kó sọ fún mi ni?" Ó ní ó yẹ. Ó wá fi hàn mí pé ìlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá wà tí a lè fi sí i, pé bó ti wù kí ibẹ̀ ní wúruwùru tó, tó bá ti dé ibẹ̀ kó dúró kó sì ránṣẹ́ sí onílé. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ tá a ti rà á. Sẹ́tíǹgì àwọn ẹnjiníà ni wọ́n fi í pa mọ́ sí, onílé ò lè rí i.

Ẹ dákun, èyí ò dáa. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lè kọ́ ohun tí kò yẹ kó kọ́. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè máa wá mi fẹ́ǹsì jẹ́jẹ́ láago méjì òru ní gbogbo ọjọ́ fún oṣù kan, kí ẹ̀rọ gbà pé bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, kó tó wá wọlé. Torí ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó kọ́ nǹkan kan lára ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò tó sì sọ pé òfegè ni, kò sì yẹ kí ìlà máa gòkè lọ láìsí òpin. Àwọn tó sì ń kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé kí ẹ gbé e kọ́ kẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀, ìmọ̀ràn burúkú ni wọ́n ń fún èèyàn.

Nǹkan kékeré míì tó jọ ìyẹn: tí sẹ́ńsọ̀ kan bá ké tó ẹ̀ẹ̀mejì lóru kan, pánẹ́ẹ̀lì á pa á lẹ́nu mọ́ títí tẹ́ ẹ fi máa tún aláàmù tàn. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ lè ké mọ́jú. Àmọ́ àmì kékeré aláwọ̀ eérú kan ló fi ń sọ fún mi pé yàrá yẹn ò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ́. Kí wọ́n jẹ́ kó pariwo sí mi létí.

Ìyókù ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Bátìrì àwọn sẹ́ńsọ̀ ò tíì kú látọjọ́ tí mo ti gbé wọn sókè. Inú pánẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ohun tó kọ́ wà, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kò gbàgbé nǹkan kan. Áàpù ẹ̀ máa ń lọ́ra tó bá ń ṣí fídíò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ibi tó kọ ọ́ sí hàn yín, pé sẹ́ńsọ̀ báyìí, ọjọ́ báyìí, mo gbé ìlà sókè láti ibí dé ibí, nítorí báyìí. Tí kò bá lè fi hàn yín, ẹ má rà á. Ẹ ní kó fi òpin sí i lójú yín kó tó kúrò nílé yín. Ilé tí ẹranko pọ̀ sí, tí oòrùn ń wọ̀, tí kọ́tìnì àti fáànù wà káàkiri, ibẹ̀ lẹ máa ti rí èrè ẹ̀ jù. Yàrá ìkẹ́rùsí kan tí kò ní fèrèsé tí nǹkan kan ò sì ń mì níbẹ̀ ò nílò ẹ̀ rárá, sẹ́ńsọ̀ lásán tó dáa á tó o.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. A ti ń sùn nílé wa, tó bá sì ké báyìí, gbogbo wa la tún ń dìde. Ọjọ́ kìíní oṣù ni mo fi ń rìn kọjá níwájú gbogbo sẹ́ńsọ̀ báyìí, ìdáná ni mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé sẹ́tíǹgì òpin yẹn wá síbi tí èmi náà ti lè rí i, màá padà wá síbí wá fún un ní ọ̀kan tó kù.